Stent inú iṣan ọkàn: ibi tí wàhálà ti sábà ń wá

Ẹ̀yin ará, stent ni àwọ̀n irin kékeré tí wọ́n máa ń fi bàlúùnù ṣí sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn tó ti há, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa kọjá. Ojú aláìsàn sábà máa ń là sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fi í sí i. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ara kú tìpìrì ni wọ́n máa gún sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n tó ki rọ́bà tí ihò inú rẹ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 2 wọ inú iṣan. Bí iṣan ọwọ́ bá kéré jù, itan ni wọ́n á gbà. Heparin ló kàn, ẹyọ 70 sí 100 fún kílò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì mọ́ irinṣẹ́. Wáyà tí kò nípọn tó ìdajì mílímítà ló máa la ibi tó há kọjá, bàlúùnù á sì tọ orí rẹ̀ lọ.

Omi ni wọ́n fi ń fẹ bàlúùnù yẹn, torí bó bá bẹ́, atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ léwu. Àyà lè dun aláìsàn nígbà tó bá wú, nítorí ó dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà. Kó sọ ọ́ kíá. Bí ìrora náà kò bá lọ lẹ́yìn tí wọ́n fa omi náà jáde, ó lè jẹ́ pé ara iṣan ti ya nínú.

Ibi tó ń dùn mí jù ni stent tí kò ṣí tán. Bí kálísíọ́mù bá ti sọ ọ̀rá inú iṣan di líle bí egungun, ẹ kọ́kọ́ fọ́ ọ ná, kí ẹ tó gbé stent síbẹ̀. Stent tó bá ti há síbẹ̀ kò ṣeé fà yọ mọ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dì sí i lára.

Ẹlòmíràn fèsì pé: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ fi ti oògùn kún un. Oògùn tó wà lára stent kì í jẹ́ kí ara tètè hù bo irin náà. Kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì mọ́ irin náà ni a ṣe ń lo aspirin 75 sí 100 mílígíráàmù lójúmọ́ pẹ̀lú clopidogrel 75. Oṣù 6 ni a sábà ń lo méjèèjì pọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìkọlù ọkàn ló fà á, oṣù 12. Lẹ́yìn náà, aspirin nìkan lọ́pọ̀ ìgbà. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín, ẹ má dá oògùn dúró láìbi dókítà ọkàn léèrè. Bí inú bá ń ta, ẹ sọ fún un. Nínú àwọn oògùn tó ń dín omi kíkan inú ikùn kù, omeprazole máa ń dín agbára clopidogrel kù, pantoprazole sàn jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ojú abẹ́rẹ́. Bí itan bá ń ṣẹ̀jẹ̀ nílé, kí aláìsàn dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ẹnìkan fi ọwọ́ tẹ ibẹ̀ gidigidi, kí wọ́n sì pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn ún lójijì, tí òógùn tútù sì bò ó, bí ẹ kò tilẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ kankan, ẹ sáré gbé e padà: ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sẹ́yìn ikùn.