Ta la ó fi ẹjọ́ orúkọ .com àti .com.ng sùn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ òfin. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta àǹkárá ní Balógun, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹni tó bá wọn ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì fi orúkọ ara rẹ̀ gba àdírẹ́sì .com àti .com.ng ti ṣọ́ọ̀bù náà. Ní báyìí tí ọjà ti ń tà, ó ní àfi kí wọ́n rà á lọ́wọ́ òun. Ó dùn mí gan-an, torí orúkọ ìyá wa ni.

Mo mọ̀ pé NiRA ló ń bójú tó .ng. Ìlànà ICANN, àjọ tó ń ṣètò orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì lágbàáyé láti Amẹ́ríkà, ló de .com, wọ́n sì ti ní ètò UDRP fún irú ìjà yìí láti 1999. Ṣùgbọ́n UDRP ń béèrè ẹ̀tọ́ lórí àmì ìṣòwò, ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò láti CAC nìkan ló sì wà lọ́wọ́ wa. Ṣé ìyẹn tó, bí gbogbo oníbàárà bá ti mọ orúkọ náà mọ́ ṣọ́ọ̀bù wa?

Òfin Cybercrimes ti 2015 náà ka gbígba orúkọ olórúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ ta la ó kọ́kọ́ lọ: NiRA, ọlọ́pàá, àbí kóòtù?