KCM (Known Crewmember, ọ̀nà pàtàkì tí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń gbà kọjá ní pápákọ̀ Amẹ́ríkà, yàtọ̀ sí ọ̀nà èrò): kí ló dé tí wọ́n ṣì ń fa òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú jáde fún àyẹ̀wò?

Àdùkẹ́_ATL:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di atọ́jú èrò inú ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà: kí ni èèyàn gbọ́dọ̀ mú dání ní ẹnu ọ̀nà KCM, kí ló sì máa ń dá èèyàn padà níbẹ̀?

Awakọ̀Òfuurufú:
Àbúrò, nǹkan méjì ni: káàdì ilé-iṣẹ́ rẹ, àti ìwé ìdánimọ̀ ìjọba tó ní fọ́tò, bíi páàsípọ́ọ̀tù. Òṣìṣẹ́ TSA (àjọ ìjọba tó ń ṣe àyẹ̀wò ní pápákọ̀ òfuurufú) á ka bákóòdù rẹ, kọ̀ǹpútà á sì wo àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ bóyá o ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Orúkọ ló máa ń fa wàhálà jù. Ẹni tó ṣègbéyàwó, tó yí orúkọ inú páàsípọ́ọ̀tù padà, tí ilé-iṣẹ́ ò tíì yí tiwọn, wọ́n á ní kó lọ gba ọ̀nà èrò. Káàdì tó ti kọjá ọjọ́ náà ńkọ́? Bákan náà ni.

Láti 2025 ni wọ́n ti ń fi CMAP (Crewmember Access Point, ètò tuntun ti TSA) rọ́pò KCM. Bi ilé-iṣẹ́ rẹ bóyá wọ́n ti forúkọ rẹ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Houston:
Ẹ jẹ́ kí n fi ìdí rẹ̀ kún un. Ní December 7, 1987, ọkùnrin kan tí wọ́n ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ tí káàdì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbé ìbọn kọjá ibi àyẹ̀wò ní Los Angeles. Ọkọ̀ òfuurufú tó wọ̀, PSA 1771, já, gbogbo èèyàn 43 inú rẹ̀ ló kú. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi ń béèrè bóyá o ṣì ń ṣiṣẹ́.

Bí ẹ̀rọ bá sì yàn ọ́ fún àyẹ̀wò àìròtẹ́lẹ̀, tẹ̀ lé wọn. Má yí padà, má ní o gbàgbé nǹkan sínú mọ́tò. Àǹfààní KCM lè ti ibẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀bẹ àti ìbọn ṣì jẹ́ èèwọ̀ nínú àpò rẹ, KCM ò sọ wọ́n di ẹ̀tọ́.

Awakọ̀Òfuurufú:
Òótọ́ ni màmá sọ. Èyí tó kan àwa Yorùbá gan-an ni "jọ̀ọ́, bá mi mú àpò yìí dání". Má gbà á, ì báà jẹ́ ọwọ́ àbúrò ìyá rẹ ló ti wá. Ẹrù tìẹ nìkan ni òfin gbà. Ní 2016, wọ́n yan òṣìṣẹ́ kan fún àyẹ̀wò ní Los Angeles, ó já àpò sílẹ̀, ó sá lọ. Kokéènì tó tó kílò 30 ló wà nínú ẹrù náà.

Bí o bá sì ń lọ kí àwọn ará ilé l'Ékòó, ìrìnàjò tìẹ nìyẹn. Láti November 2023, ọ̀nà èrò ni kí o gbà.

Àdùkẹ́_ATL:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé, mà. Ohun olómi ńkọ́?

Ìyá_Ìbejì_Houston:
Bí o bá wọ aṣọ iṣẹ́, tí káàdì rẹ sì pé, òfin mílílítà 100 ò mú ọ ní Amẹ́ríkà, kódà bí wọ́n bá fà ọ́ jáde. Bí aṣọ ilé ló wà lọ́rùn rẹ, ó mú ọ bíi ti èrò.