Ọkọ̀ akẹ́rù tuntun, àìsàn àgbà: kí lojú yín rí lọ́wọ́ àwọn tó tà á fún yín?

Ọlọ́kọ̀ Funfun

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ akẹ́rù tuntun, tí ojú rẹ̀ sì rí màbo lọ́wọ́ àwọn tó tà á, kó wá bá mi jókòó síbí. Tèmi rèé.

Píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin ni. Tuntun ni o, ọ̀rá ṣì wà lórí àga nígbà tí mo gbà á. Iṣẹ́ ni mo rà á fún, kì í ṣe fáàrí. Irin, pákó, ẹ̀rọ omi, ohun tó bá ṣáà yá ni mo ń kó sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáa, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ń fa ẹrù, kì í sì í mu epo jù. Bọ́dì rẹ̀ ni wọn ò kọbi ara sí. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn tí à ń já wálẹ̀ ká tó kẹ́rù, ó wọ́: lápá ọ̀tún, odindi ìka mi wọ àlàfo rẹ̀, lápá òsì, èékánná ò wọ̀ ọ́. Lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n fa wáyà kan kọjá lára ṣáṣí láì fi nǹkan kan dè é, irin sì ti ń ha á. Mo rí gbogbo ìyẹn, mo ní kò burú, ẹrù kì í wo ẹwà.

Òjò ló tú àṣírí. Inú ọkọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí aṣọ tútù tí wọ́n ká mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìrì á bo gíláàsì láti inú láràárọ̀, mo fẹ́ẹ̀ máa fi tówẹ́ẹ̀lì nù ún kí n tó ríran. Nígbà tó yá, bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa báyìí, oríṣiríṣi iná ìkìlọ̀ á tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ á ní ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo ti tì í. Kámẹ́rà ẹ̀yìn á ṣókùnkùn.

Mo gbé e padà sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n fún mi lómi tútù, wọ́n ní kí n má mikàn. Nígbà tí mo wá gba ọkọ̀, ó ń dán, wọ́n sì ti so lọ́fínńdà kan kọ́ mọ́ dígí àárín. Mo ka ìwé iṣẹ́ tí wọ́n fún mi. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé: “Oníbàárà ní ọkọ̀ ń rùn. A fọ inú rẹ̀.” Omi ni mo sọ. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìwé, kò sí omi níbẹ̀.

Òjò tún rọ̀, mo tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ní àwọn ti da omi sí i lára níbi tí àwọn ti ń fọ ọkọ̀, kò jò. Ọ̀gá kékeré kan wá jáde, ó rọra fọwọ́ kan mi léjìká: “Ẹ̀gbọ́n, àbùdá ọkọ̀ yìí ni. Gbogbo wọn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.” Mo ní bó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń jò, ṣé ìyẹn wá sọ jíjò di ohun tó dáa ni? Ó rẹ́rìn-ín. Ìwé iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ní: “A yẹ̀ ẹ́ wò. A kò rí àléébù kankan.”

Ibi tí inú ti bí mi gan-an nìyẹn, ju jíjò fúnra rẹ̀ lọ. Lójú ìwé, ọkọ̀ mi ò ṣàìsàn rí. Bí wáràǹtì bá parí, tí kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ dáàṣì-bọ́ọ̀dù wá jóná, wọ́n á ṣí ìwé, wọ́n á ní ọkùnrin yìí wá fọ ọkọ̀ nígbà kan, ó sì tún wá kí wa nígbà mìíràn. Ẹ wo ohun tí ìwé lè sọni dà.

Mo bá mẹkáníìkì tèmi sọ̀rọ̀. Ó tú ẹ̀yìn àga ẹ̀yìn, ó fa aṣọ òrùlé sílẹ̀ díẹ̀, ó wọ inú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ó ní kí n mú ọ̀pá omi, ṣùgbọ́n kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí n máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó ní bí mo bá dà á láti orí òrùlé, omi á ṣàn gba ibi gbogbo, a ò sì ní mọ ibi tó gbà wọlé. Mo da á sí ìdí ilé ọkọ̀ títí, kò sí nǹkan. Mo gòkè dé etí gíláàsì ẹ̀yìn, kò sí nǹkan. Nígbà tí mo dé ibi iná bíréèkì òkè, èyí tó wà lókè gíláàsì ẹ̀yìn, ó pariwo látinú pé kí n dúró. Ó ní kí n wá wò ó. Omi kán jáde lẹ́yìn iná náà, ó rìn lára wáyà rẹ̀, ó rọ̀ sídìí ike tó di wáyà mú, ó dúró díẹ̀, ó já sẹ́yìn àga. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ó tú iná yẹn: rọ́bà fóòmù tín-ín-rín tó yẹ kó dí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ká lápá kan, bó sì ṣe ká náà ni wọ́n ṣe dè é mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti to ọkọ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ náà. Nígbà tí a ká kápẹ́ẹ̀tì, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣeé fún, omi sì dà jáde. Ojú wáyà tó kọjá lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ti ń ní àwọ̀ ewé.

Mo ní kó fi gọ́ọ̀mù dí i. Ó kọ̀. Ó ní, “Ẹ má ṣe é. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, wọ́n á ní èmi ni mo bà á jẹ́.” A ya fọ́tò, a ya fídíò, ó dá gbogbo rẹ̀ padà bó ṣe bá a.

Nígbà tí mo tún padà lọ, mo di kọ́kọ́rọ́ mú. Mo ní kí obìnrin tó ń gba ọkọ̀ wọlé kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́: omi ń gba ibi iná bíréèkì òkè wọlé, ó ti dé ojú wáyà. Ó ní àyè inú kọ̀ǹpútà ò gba ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kò burú, kọ́kọ́rọ́ náà ò tíì kúrò lọ́wọ́ mi. Àyè sì wà. Wọ́n pààrọ̀ rọ́bà náà, ṣùgbọ́n wáyà tó ti ń bàjẹ́ àti fóòmù abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní “á gbẹ”. Ibi tí a bá a dé rèé. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́rù

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bọ̀dá mi. Ti lọ́fínńdà yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ má bínú.

Ọ̀dà ni tèmi. Ọkọ̀ tí mo fi ń kó ọjà ni, tuntun ni wọ́n pè é. Mo ń fi aṣọ nu ẹnu ilẹ̀kùn ni mo rí ìlà ọ̀dà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lórí rọ́bà dúdú tó yí i ká. Ta ló ń kun rọ́bà? Níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀, wọ́n ti kun bọ́dì tán kí wọ́n tó fi rọ́bà sí i. Àbúrò ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ bọ́dì gbé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn tó wá. Ọ̀dà tó wá láti ilé iṣẹ́ sábà máa ń wà láàárín 100 sí 150 màíkírónì (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló ń jẹ́ mìlímítà kan). Ìlẹ̀kùn yòókù wà níbẹ̀. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà kọjá 400. Wọ́n ti lù ú, wọ́n ti fi póòtì dí i, wọ́n ti kùn ún, wọ́n wá tà á fún mi ní tuntun.

Ó tún ní kí n wo táyà. Lára táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin wà níparí: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Mẹ́ta nínú tèmi bára mu. Èyí tó wà lábẹ́ ìlẹ̀kùn tí wọ́n kùn yẹn nìkan ló dá yàtọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ní “nǹkan kékeré ló ṣe é lójú ọ̀nà”. Lójú ọ̀nà ibo? Ta ló sọ fún mi kí n tó sanwó?

Ọwọ́ Dúdú

Àgbọ́ẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Mo ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ irú àwọn èèyàn yìí rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lọ lẹ́yìn ògiri.

Iṣẹ́ wáràǹtì, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló ń san owó rẹ̀. Wọ́n sì ti kọ àkókò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà sílẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni pípààrọ̀ rọ́bà iná bíréèkì, owó ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni wọ́n máa san. Ìdajì ọjọ́ tí mo fi tú àga, tí mo ká kápẹ́ẹ̀tì, tí mo ń wá ibi tí omi ń gbà, ta ni yóò san án? Níbi tó pọ̀, àkókò tí wọ́n kọ sílẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń ṣírò owó mẹkáníìkì. Nítorí náà, bí ọkọ̀ tó ń jò bá wọlé, ńṣe la máa ń wo ojú ara wa. Ẹni tó bá ti rí bíréèkì tó fẹ́ pààrọ̀ á ti sá lọ síbẹ̀. N kò sọ pé ó dáa o, mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Ọlọ́kọ̀ Funfun, ẹ bi wọ́n bóyá lẹ́tà wà láti ilé iṣẹ́ lórí jíjò yìí. Bí àìsàn kan bá ti hàn lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ irú kan náà, ilé iṣẹ́ máa ń kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń tà á, á sì sọ ibi tí kí wọ́n wò àti bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe. Èyí yàtọ̀ sí kí wọ́n pe ọkọ̀ padà. Wọ́n máa ń pe ọkọ̀ padà bí ewu bá wà nínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni àtúnṣe rẹ̀. Ti lẹ́tà, bí wáràǹtì bá ti lọ, àpò yín ló máa ń gbà jáde. Nọ́ńbà ṣáṣí yín ni wọ́n á fi wò ó, èyí tí àpapọ̀ lẹ́tà ABD àti nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ 17. (Kì í ní I, O tàbí Q nínú, kí wọ́n má baà kà wọ́n sí 1 àti 0. Bí ẹ bá rí O nínú èyí tí wọ́n kọ sórí ìwé yín, wọ́n ti ṣì í kọ nìyẹn.)

Kí rewáyà wọn tó pa kóòdù, ìyẹn àmì tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń sọ ibi tí àìsàn wà, rẹ́ nínú rẹ̀, ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ìwé. Kóòdù tó bá fi P bẹ̀rẹ̀, ti ẹ́ńjìnnì àti jíà ni. B ni ti bọ́dì, C ni ti bíréèkì, sítíárì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀. U ni ti àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ tí wọn ò gbọ́ ara wọn mọ́, ọkọ̀ tí omi bá sì ti wọ ojú wáyà rẹ̀ sábà máa ń kó U jọ. Bí wọ́n bá ti pa á rẹ́ láì tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rí yín ti lọ.

Dẹ́rẹ́bà Jẹ́jẹ́

Tèmi kì í ṣe ti jíjò. Kí n tó rà á, wọ́n bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní ìrìn kúkúrú ni, dúró níbí, dúró lọ́hùn-ún, látàárọ̀ dalẹ́. Wọ́n yin ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì fún mi títí mo fi sanwó. Wọn ò sọ fún mi pé fílítà kan wà nínú sáìléńsà tó ń kó èéfín dúdú jọ, àti pé ó gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 600 lórí ìwọ̀n Celsius kó tó lè jó o dànù. Ìrìn kúkúrú ò lè mú un gbóná tó bẹ́ẹ̀. Iná rẹ̀ tàn, ọkọ̀ ò fẹ́ fà mọ́. Wọ́n ní èmi ni n ò mọ̀ ọ́n wà! Wọ́n ní kí n máa gbé e jáde lọ sọ́nà tó gùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí n máa fi sáré. Ṣé kí n máa ra epo láti fi gbé ọkọ̀ ṣeré ìdárayá ni?

Ọmọ Àgbẹ̀

Kí gbogbo wa má baà fẹnu kan sọ̀rọ̀: ọ̀gá ibi tí mo ti ra tèmi wọ inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó bá mi wà á títí jíà náà fi gbọ̀n lójú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ló kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n wà, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀.

Ọlọ́kọ̀ Funfun

Ẹ ṣé gan-an. Ọwọ́ Dúdú, mo bi wọ́n léèrè lẹ́tà. Obìnrin yẹn fi nọ́ńbà ṣáṣí wò ó, ó dákẹ́, ó ní lẹ́tà wà. Mo ní láti ìgbà wo? Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi: ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ti wà ṣáájú ọjọ́ tí mo ra ọkọ̀. Iná bíréèkì òkè ni wọ́n dárúkọ, wọ́n sì ní kí wọ́n yẹ ojú wáyà abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì wò pẹ̀lú. “Àbùdá ọkọ̀” tí wọ́n ń sọ fún mi nìyẹn o! Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ fún mi, ó ní wọn ò gbà á láyè. Mo ní kó kọ nọ́ńbà lẹ́tà náà sórí ìwé iṣẹ́ mi nígbà náà, ó sì kọ ọ́. Kóòdù náà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, U ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ọkọ̀ ti wà lọ́dọ̀ wọn báyìí. Wọ́n ní wáyà tuntun làwọn ń retí. Ẹni tó bá ti gba irú wáyà yẹn lọ́wọ́ wọn rí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé odindi rẹ̀ ni wọ́n máa ń pààrọ̀ ni, àbí wọ́n kàn máa ń gé ibi tó bàjẹ́, kí wọ́n so ó pọ̀? Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó fọwọ́ síwèé.