Ajá mi wó lulẹ̀ lẹ́yìn tí mo dá oògùn rẹ̀ dúró, ẹ gbà mí o

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, dókítà ẹran ní ọmọ ogun ara ajá mi ló ń bá awọ ara rẹ̀ jà, ó wá kọ prednisolone fún un. Láti ìgbà náà, omi ṣáá, ìtọ̀ ṣáá. Ó tiẹ̀ lá àmàlà ìyá ọkọ mi mọ́ abọ́. Egbò san, ni mo bá dá oògùn dúró ní ọjọ́ Jímọ̀. Láti àná kò lè dìde, ó ń bì. Mo gbé pọ̀nmọ́ síwájú rẹ̀, ó kàn ń wò ó. Àbí wọ́n fún un ní májèlé jẹ ni?

Alájá Ìsàlẹ̀: Epo pupa, kíá! Ẹ rọ ọ́ sí i lẹ́nu.

Dókítà Ẹran: Ẹ má dán an wò o, ajá tó ń bì lè fa epo sí ẹ̀dọ̀fóró. Mi ò tíì rí i, àmọ́ oògùn tí ẹ dá dúró lójijì ni mo fura sí. Pituitary, ẹ̀yà kékeré abẹ́ ọpọlọ, ló ń fi họ́mọ̀nù ACTH ránṣẹ́ sí àwọn adrenal tó wà lẹ́bàá kíndìnrín pé kí wọ́n ṣe cortisol, họ́mọ̀nù tí ara fi ń kojú wàhálà. Prednisolone jọ cortisol. Tó bá ti pọ̀ lẹ́jẹ̀, pituitary ò ní ránṣẹ́ mọ́, adrenal á sì súnkì. Bíi kí aládùúgbò máa gbé ọbẹ̀ wá lójoojúmọ́, kí ẹ jẹ́ kí iná ààrò yín kú. Ọjọ́ tí kò bá wá ńkọ́? Ẹ gbé e lọ lálẹ́ yìí. Wọ́n á dá oògùn padà, wọ́n á wá máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ìyá Eléwúrẹ́: Abájọ! Ẹnì kan gún ewúrẹ́ mi tó lóyún ní dexamethasone, ó ní torí ikọ́ ni. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, oyún wálẹ̀.

Dókítà Ẹran: Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Cortisol ọmọ inú ni ewúrẹ́ fi ń mọ̀ pé ìrọbí ti yá. Dexamethasone náà jọ cortisol, abẹ́rẹ́ yẹn parọ́ fún un.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH: Cyclosporine, oògùn mìíràn tó ń dín agbára ọmọ ogun ara kù, ńkọ́, sà?

Dókítà Ẹran: Kì í ṣe sítẹ́rọ́ọ̀dù bíi prednisolone, kì í pa ACTH lẹ́nu mọ́ báyẹn. Lára eku, prolactin ni wọ́n rí i pé ó ń yí padà, họ́mọ̀nù wàrà tí pituitary kan náà ń tú jáde. Ó wọ́n gan-an ṣá.

Oníbéèrè: A ti dé. Wọ́n fa omi sí i lára, ó ti ń ju ìrù. Dókítà bèèrè ẹni tó ní kí n dá oògùn dúró, mo kàn ń wolẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń gé tábílẹ́ẹ̀tì tíntìntín yìí sí méjì tí kì í rún?