Ṣé lóòótọ́ ni Katsuki kò mọ̀ ọ́n ṣe? Ẹ sọ bí ẹ̀yin ṣe dá a lẹ́jọ́

Láti Nottingham

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo wo eré àwòrán ilẹ̀ Japan tí wọ́n ń pè ní Yuri!!! on Ice, tí wọ́n fi hàn láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kejìlá ọdún 2016. Yuri Katsuki tó jẹ́ olórí eré náà, oníjó orí yìnyín tó ń bá àgbáyé díje, báwo ni ó ṣe mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó gan-an? Mo bẹ̀ yín, kí ẹni tó bá fẹ́ dáhùn sọ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe dé orí ìdájọ́ rẹ̀.

Èmi á kọ́kọ́ sọ tèmi. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọbìnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 sì ń kọ́ ijó orí yìnyín. Ìlú tí à ń gbé yìí ni Jayne Torvill àti Christopher Dean ti wá, àwọn tí adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fún ní 6.0, máàkì tó ga jù lọ nígbà náà, fún ẹwà ijó wọn ní Òlíńpíìkì Sarajevo lọ́dún 1984, nítorí náà kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu níbí pé ọmọ Yorùbá so bàtà onírin mọ́ ẹsẹ̀. Nígbà tí èmi àti ọmọ mi kọ́kọ́ wo eré náà, ẹnu Katsuki ni mo gbà gbọ́. Òun ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀ fún wa, ohun tó sì ń sọ ni pé òun ṣe ipò kẹfà nínú ènìyàn mẹ́fà ní Grand Prix Final, ìdíje àṣekágbá ọdún náà, ní Sochi, pé òun kò já mọ́ nǹkan kan, pé ó ṣeé ṣe kí òun fi eré náà sílẹ̀. Mo mú ìwé àti gègé, mo ń ka iye ìgbà tó ṣubú. Lẹ́yìn apá mélòó kan, ọmọ mi ní, "Mọ́mì, kò mọ̀ ọ́n ṣe." Mo ní òótọ́ ni.

Obìnrin tó ń kọ́ ọmọ mi ló tú wa sílẹ̀ nínú àṣìṣe yẹn. Ọmọ mi sọ ọ̀rọ̀ náà fún un, ó sì bi mí pé ènìyàn mélòó ló ń dé Grand Prix Final. Mo ní mẹ́fà. Ó ní mẹ́fà nínú mélòó? Mo dákẹ́. Ó wá là á yé mi pé ìdíje mẹ́fà ló ṣáájú rẹ̀, pé oníjó kan kì í lọ ju méjì lọ nínú wọn, pé ẹni àkọ́kọ́ ń gba máàkì 15, ẹnì kejì 13, ẹnì kẹta 11, ẹnì kẹrin 9, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ sílẹ̀, àti pé ẹni mẹ́fà tí máàkì wọn bá pọ̀ jù lọ nìkan ni wọ́n ń pè. Ẹni tó kẹ́yìn níbẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníjó àgbáyé sẹ́yìn kó tó débẹ̀. Katsuki kò sọ èyí fún wa, nítorí ojú ẹni tó kẹ́yìn ló fi ń wo ara rẹ̀, ajá rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà ìdíje náà.

Obìnrin náà ní kí n pa ohùn eré náà, kí n má ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí n máa wo orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ nìkan. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mi ò lọ síbi iṣẹ́. Ohun tí mo rí yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí mo ti kọ sínú ìwé. Ijó méjì ni oníjó kọ̀ọ̀kan ń jó nínú ìdíje, kúkúrú àti gígùn. Nínú ijó kúkúrú rẹ̀, ìdajì kejì ni gbogbo fífò wà. Lábẹ́ òfin ìgbà náà, fífò tó bá bọ́ sí ìdajì kejì ń gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé orí iye rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé toe loop oníyíyí mẹ́rin (irú fífò kan ni toe loop, bíi Salchow, flip àti Lutz) tó jẹ́ máàkì 10.3 yóò di 11.33. Ẹni tí èémí rẹ̀ kò tó nǹkan kì í kó ẹrù rẹ̀ jọ sí ìparí ọ̀nà. Bí fífò bá sì bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, yíyí lójú kan rẹ̀ kì í bàjẹ́, ijó ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sì í tú ká. Salchow oníyíyí mẹ́rin ni ó máa ń dà á láàmú jù. Ìdájọ́ mi ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ iṣẹ́, àyà rẹ̀ ni kò gbóyà. Ẹ̀yin ńkọ́?


Láti Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá wa ní Nottingham. Èmi kò fi ẹsẹ̀ kan yìnyín rí, àfi èyí tí ó ń bọ́ nínú òjò. Orí fóònù ni mo ti wo eré náà, díẹ̀díẹ̀, nítorí iná. Ṣùgbọ́n ilé onílù bàtá ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti rí bí wọ́n ṣe ń dá oníjó lẹ́jọ́ láti kékeré. Bàbá mi kì í wo ojú oníjó rárá. Bí oníjó bá ń rẹ́rìn-ín, bí ó bá ń ṣe ojú kókó, kò kàn án. Ìgbà tí ìlù bá yí padà lójijì, tí a kò sọ fún oníjó tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń mọ ẹni tí ijó wà nínú rẹ̀ àti ẹni tó kàn kọ́ ìgbésẹ̀ sórí.

Ojú yẹn ni mo fi wo Katsuki, ó sì wù mí, nítorí ó máa ń yí ètò ijó rẹ̀ padà lórí pápá láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Cup of China, ọ̀kan nínú ìdíje mẹ́fà tó ṣáájú àṣekágbá, lójú Victor olùkọ́ rẹ̀, ó fi flip oníyíyí mẹ́rin sí òpin ijó gígùn, ohun tí Victor fúnra rẹ̀ gbajúmọ̀ fún. Ó ṣubú, síbẹ̀ ipò kejì ló ṣe.

Àmọ́ iyèméjì kan kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ta ni à ń yìn gan-an? Kenji Miyamoto, tó ti jó lórí yìnyín rí tó sì ń ṣètò ijó fún àwọn oníjó gidi, ló ṣètò àwọn ijó inú eré náà. Bí ọwọ́ Katsuki bá lọ sókè lọ́nà tó dùn-ún wò, ọwọ́ Miyamoto ni, ọwọ́ àwọn ayàwòrán sì ni. Alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n fi gègé yà, báwo ni yóò ṣe kùnà láti mọ̀ ọ́n jó bí ẹni tó yà á bá fẹ́ kó mọ̀ ọ́n? Wọ́n ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín Lutz àti flip ni pé etí òde irin bàtà ni ẹni tó fẹ́ fo Lutz máa ń tẹ̀ kó tó gbéra, tí ti flip sì jẹ́ etí inú. Mo dá àwòrán náà dúró lọ́pọ̀ ìgbà láti wo èyí tí Katsuki tẹ̀, ojú mi kò rí i. Adájọ́ gidi lè dá fídíò dúró kó sì rí i.


Láti Maryland

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò dá sí i, nítorí iṣẹ́ àkáǹtì ni mò ń ṣe, máàkì ni mo sì máa ń wò kí n tó wo ènìyàn. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ló kọ́kọ́ sọ fún mi nípa eré yìí. Ó ní àwọn oníjó gidi fẹ́ràn rẹ̀, títí kan Evgenia Medvedeva tó gba ife àgbáyé lọ́dún 2016 àti 2017. Mo wò ó tán láàárín ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ni mo ṣí tábìlì ìṣirò, ìyàwó mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní Grand Prix Final tí wọ́n fi parí eré náà, tí wọ́n fi sí Barcelona, Katsuki gba 97.83 nínú ijó kúkúrú àti 221.58 nínú ijó gígùn, àpapọ̀ rẹ̀ 319.41. Yuri Plisetsky, ọmọ Rọ́ṣíà tó jẹ́ ọmọ ọdún 15, gba 118.56 àti 200.97, ó jẹ́ 319.53, ó sì fi 0.12 gba wúrà. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wé ẹni gidi. Ní Barcelona yìí kan náà, ní oṣù kejìlá ọdún 2015, Yuzuru Hanyu, ọmọ Japan, gba 110.95 àti 219.48, èyí tó jẹ́ 330.43, kò sì sí ọkùnrin tó tíì gba iye yẹn rí nígbà náà. Katsuki àti Plisetsky ì bá wà lẹ́yìn rẹ̀ ní nǹkan bíi máàkì 11, ṣùgbọ́n wọn ì bá ṣáájú Javier Fernández tó ṣe ipò kejì pẹ̀lú 292.95.

Ijó gígùn Katsuki ló kọ́kọ́ mú mi bínú. 221.58 fi 2.10 ju ti Hanyu lọ. Ọ̀nà méjì ni máàkì náà pín sí: ti iṣẹ́ ẹsẹ̀ àti fífò, àti ti ẹwà àti ìmọ̀ ijó, èyí tí kò lè kọjá 100 nínú ijó gígùn ọkùnrin. Hanyu gba 120.92 nínú ti àkọ́kọ́, ó gba 98.56 nínú ti ìkejì. Kódà bí àwọn adájọ́ bá fún Katsuki ní 100 pérépéré, fífò àti iṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 121.58, ó sì gbọ́dọ̀ ju ti Hanyu lọ ní ọjọ́ tí Hanyu kò ṣe àṣìṣe kankan. Mo pè é ní àsọdùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2017, ní Helsinki, Hanyu gba 223.20 nínú ijó gígùn. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí eré náà parí ni èyí. Mo pa àsọdùn tí mo kọ síbẹ̀ rẹ́.

Ti Plisetsky ni mi ò lè pa rẹ́. 118.56 nínú ijó kúkúrú fi ju máàkì 7 lọ kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni ti gbà nígbà náà. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n yí òfin máàkì padà lọ́dún 2018, 113.97 ni Nathan Chen gbà ní Beijing lọ́dún 2022, ìyẹn Òlíńpíìkì tó ti gba wúrà. Nítorí náà, lójú tèmi, fàdákà Katsuki ṣeé gbà gbọ́ ju wúrà ọmọ yẹn lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bínú sí mi.


Láti Peckham

Tèmi kò gùn. Lẹ́yìn tí mo wo eré náà, mo ní kí n lọ gbìyànjú yìnyín pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mo ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó fi ọwọ́ sílẹ̀ lára ògiri, ọmọdé kan tí kò ju ọdún mẹ́fà lọ sì ń fi ẹ̀yìn rìn kọjá lára mi. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé Katsuki kò mọ̀ ọ́n ṣe nítorí pé ó ṣubú, mo máa ń bi í bóyá òun ti wọ bàtà náà rí.


Láti Nottingham

Ẹ ṣé púpọ̀. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, mo gbà pé ọwọ́ Miyamoto là ń rí, ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé a lè dá Katsuki lẹ́jọ́: ẹni tó mọ iṣẹ́ ló ṣètò ohun tí wọ́n ní kó ṣe àti ohun tí wọ́n ní kó kùnà láti ṣe. Kò sí ibi tí wọ́n ti mú un kùnà nínú yíyí. Ẹni tí kò bá mọ eré náà ì bá jẹ́ kó máa ṣubú níbi gbogbo.

Àbúrò mi àkáǹtì, ìṣirò yín jẹ́ kí n padà síbi ìṣubú ní Cup of China. Mo bi olùkọ́ ọmọ mi, ó sì ṣírò rẹ̀ sórí ẹ̀yìn rìsíìtì. Flip oníyíyí mẹ́rin jẹ́ 12.3 nígbà náà. Ní ìdajì kejì, ó di 13.53. Bí yíyí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé kó tó ṣubú, àwọn adájọ́ yóò yọ 4.0 fún bí kò ṣe dára, wọn yóò tún yọ 1 fún ìṣubú, yóò ku 8.53. Flip oníyíyí mẹ́ta tí kò ní àbùkù kankan, ní ibì kan náà, kò lè kọjá 7.93. Ìwé tí mo fi ń ka ìṣubú, tí mo kọ àmì burúkú sí níbi fífò yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ọkùnrin náà ti rí èrè.

Ọmọ mi kò gbà fún mi pátápátá o. Ó ní ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já, àyà jíjá yẹn wà lára iṣẹ́ rẹ̀, pé adájọ́ kì í fún ènìyàn ní máàkì fún ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe nílé. Ó fi Rostelecom Cup, òmíràn nínú ìdíje mẹ́fà yẹn, ṣe ẹ̀rí: Victor ti padà sí Japan nítorí ajá rẹ̀ tí oúnjẹ há sí lọ́fun, Katsuki jó ijó gígùn láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sí ipò kẹrin. 9 rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú 13 ti China, ìyẹn 22, ló fi rá pálá wọ ìdíje àṣekágbá. Mi ò tíì rí èsì fún un. Mo ti sọ fún un pé lọ́jọ́ Sátidé a ó tún apá yẹn wò, àwa méjèèjì, a ó pa ohùn rẹ̀, òun ló máa di gègé mú lọ́tẹ̀ yìí.