Wọ́n ń ha ara bẹ́ńṣì tí mo kó wá sílé-ìwé: ṣé kí n kúrò nínú ìgbìmọ̀ yìí ni?

Aránṣọ Rẹ́mọ (ẹni tó béèrè):
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á. Inú ń bí mi débi pé mi ò tíì fẹnu kan oúnjẹ láti àárọ̀.

Ọmọ ọdún 26 ni mí, aránṣọ ni mí, Rẹ́mọ níbí ni ìlú wa. Ẹ má bi mí pé ìlú wo, torí ẹni tó bá ti gbọ́ á mọ ilé wa. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n mú mi wọ ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní SBMC. Wọ́n ní kí n máa ṣojú àwa tá a ti jáde níbẹ̀. Inú mi dùn gan-an. Màmá mi tiẹ̀ pa adìẹ.

Àwa 14 la wà níbẹ̀, èmi nìkan ni mi ò tíì pé 40 ọdún. Láti ìpàdé àkọ́kọ́ ni mo ti rí i pé iṣẹ́ tí wọ́n pè mí fún yàtọ̀ sí èyí tí mo rò. "Ọmọ yìí, bá wa wo ẹni tó ń ta mínírà níta." "Ọmọ yìí, kó ife wọ̀nyí." Lọ́jọ́ kan tá a ń sọ̀rọ̀ lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ, mo nawọ́ sókè. Mo nawọ́ títí apá fi ń ro mí. Ìyá kan yíjú sí mi, ó ní ṣé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n mí ni. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Lóṣù tó kọjá, àlejò ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, èmi ni wọ́n ní kí n se ìkọ́kọrẹ́. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n sè o. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ti ń rin ewùrà, mo fi ẹja àti edé sí i dáadáa, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n lá ọwọ́. Nígbà tó wá di pé kí wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní kí n di fóònù mú, kí n bá wọn yà á. Èmi tí mo sè é ò sí nínú fọ́tò!

Èyí tó dùn mí jù ni ti bẹ́ńṣì. Àwọn ọmọ praimárì kejì ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí àpò sìmẹ́ǹtì. Mo kó bẹ́ńṣì alẹ́yìn 20 wá. Ogún! Wọn ò tíì dúpẹ́ tán, lọ́jọ́ kejì ni Bàbá Alága wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú àfọ́kù ìgò, ó ń ha ẹ̀yìn bẹ́ńṣì bí ẹni ń ha iṣu sísun. Ẹni tó ti lé ní 70 ọdún o. Ọ̀dà pupa ń já bọ́ sára ṣòkòtò funfun rẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ sà." Ó ní, "Hùn." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà yẹn, bó bá ti ha ọ̀kan tán lónìí, ó di ọ̀la.

Bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wọ́ọ̀dù wa ní kí n jáde fún kánsẹ́lọ̀. Èmi ò bẹ ẹnikẹ́ni o. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kí n fi ìgbìmọ̀ yìí sílẹ̀ kí n gbájú mọ́ òṣèlú, àbí kí n dúró kí wọ́n máa fi mí ṣe ọmọ ọ̀dọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Ìyá Ìbejì Ṣágámù:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Kọ́kọ́ lọ jẹun ná, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ rán mi létí ìgbà tí mo ṣe akápò ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Owó tá a dá fún fèrèsé, wọ́n ní kí n tọ́jú ẹ̀ sílé. Oṣù méjì gbáko, bàbá wọn ò sùn. Tí ológbò bá gba orí páànù kọjá, á dìde, á tan tọ́ọ̀ṣì. A ra fèrèsé tán, ó ku 200 náírà tí ìṣirò ò gbé, ni wọ́n bá ní ṣé mo fi ra ata ni. Ọjọ́ yẹn ni mo da ìwé owó sórí tábìlì fún wọn. Ìwọ náà fi sílẹ̀ jàre.

Bọ̀dá Lékan Ìperu:
Mi ò ní bá ọ sunkún o. Mínírà lásán ni wọ́n ní kí o lọ wò, o sì fẹ́ di kánsẹ́lọ̀. Ṣé o rò pé wọn ò ní rán ọ níṣẹ́ ní káńsù ni? Ọdún mẹ́fà ni mo fi to àga níbi ìpàdé ìdàgbàsókè ìlú kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé náà lẹ fẹ́ jókòó síwájú.

Aránṣọ Rẹ́mọ:
Ẹ ṣé mà, Ìyá Ìbejì. Mo ti mu gààrí. Bọ̀dá Lékan, mo ní kí ẹ má bú mi. Èmi náà máa ń to àga. Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ni mo wí.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú o, SBMC kì í ṣe ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Òbí àti olùkọ́ nìkan ló wà nínú tiyín. SBMC, gbogbo ìlú ló ni ín: H.M., ìyẹn ọ̀gá ilé-ìwé, wà níbẹ̀, aṣojú ààfin wà níbẹ̀, ti àwọn obìnrin, ti oníṣẹ́ ọwọ́, ti àwọn tó ti jáde, kódà olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́kùnrin àti lóbìnrin. 2005 ni ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí fọwọ́ sí i. Kò sí owó oṣù níbẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n mọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde, kí wọ́n mọ tíṣà tó ń wá àti èyí tí kì í wá, kí wọ́n sì kọ ètò ìdàgbàsókè ilé-ìwé náà sílẹ̀. Ìjókòó tìrẹ ni, àbúrò, ẹnikẹ́ni ò fi ta ọ́ lọ́rẹ. Tí wọn ò bá jẹ́ kí o sọ̀rọ̀, kọ ọ̀rọ̀ rẹ sínú ìwé, fún akọ̀wé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, á wọ àkọsílẹ̀.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́: kí ló wà lára bẹ́ńṣì yẹn tí bàbá náà ń ha? Ọdún 35 ni mo fi ṣe tíṣà, mi ò tíì rí arúgbó tó ń ha ọ̀dà ṣeré.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Pọ́nńbélé:
Níbí Ìjẹ̀bú-Òde, régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tá a jọ jẹ́ ọjọ́ orí, ló ń báni ṣe irú nǹkan báyìí. A ò tíì bọ́ aṣọ ọdún Ojúde Ọba lára tán tá a ó ti máa dáwó. Àwa la tún òrùlé kíláàsì kan ṣe níbi tí mo ti jáde, kò sí ẹni tó rán wa ní mínírà. Pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ jọ, má dá a ṣe.

Ìkẹ́nnẹ́ Lọmọ:
Ta ló pe ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba síbí? 😂 Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Awólọ́wọ̀ tó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní 1955, ẹ̀yin náà jẹ níbẹ̀. Ìyá mi wà lára àwọn tó wọlé lọ́dún yẹn. Wọ́n ní kó fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kan etí òsì, ọwọ́ ò tó o, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá fà á láti ẹ̀yìn títí ìka fi kan etí. Ó ní àwọn pọ̀ débi pé abẹ́ igi làwọn ti kọ́ a b d. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n jókòó sí, ẹ wá wò ó, títí di òní.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Pọ́nńbélé:
Ìjẹ̀bú ni gbogbo wa ká tó dé Rẹ́mọ, sinmi.

Ìkẹ́nnẹ́ Lọmọ:
Ìwọ nìkan.

Akínkanjú Ọ̀gèrè:
Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Àǹtí, jáde! Láti 2018 lòfin ti wà pé kò sí ọ̀dọ́ tó kéré jù láti díje. Ìgbà wo lẹ fẹ́ dúró dà, ìgbà tẹ́ ẹ bá ní ewú? Ẹ fi àwọn àgbà ìkọ́kọrẹ́ yẹn sílẹ̀.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Akínkanjú, ka òfin náà dáadáa. Ọjọ́ orí ẹni tó fẹ́ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ti aṣojú-ṣòfin ló fà wálẹ̀ láti 30 ọdún sí 25, tí ó sì fa ti ààrẹ láti 40 sí 35. Kò mẹ́nu ba kánsẹ́lọ̀. Àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ Ògùn, OGSIEC, ni kó lọ bi. Ohun mìíràn tún ni pé òfin wa ò gba ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan láyè. Nítorí náà, àbúrò, ẹgbẹ́ wo ni? Ta ló ń san owó fọ́ọ̀mù? O ò sì tíì dáhùn ti bẹ́ńṣì.

Aránṣọ Rẹ́mọ:
Fọ́ọ̀mù ti wà lọ́wọ́ mi sà. Àwọn ará wọ́ọ̀dù wa fẹ́ràn mi, mo máa ń rán aṣọ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ tí ò lóbìí láìgbowó, gbogbo ìlú ló mọ̀. Akínkanjú, ẹ ṣé gan-an.

Bọ̀dá Lékan Ìperu:
Ó ti gba fọ́ọ̀mù! Kí ló wá kù tó o ń bi wá?

Káfíńtà Òde Rẹ́mọ:
Mo kan ń kọjá lọ ni o. Bẹ́ńṣì alẹ́yìn 20, mo mọ iye pákó tó gbà, mo mọ ìṣó, mo mọ owó iṣẹ́. Àbúrò, kì í ṣe owó aṣọ rírán, àgàgà aṣọ tẹ́ ẹ ò gbowó ẹ̀. Ta ló kàn án fún yín? Mi ò bá yín jà, iṣẹ́ mi ni mo ń wò.

Ìyá Ìbejì Ṣágámù:
Káfíńtà béèrè ọ̀rọ̀ gidi. Ọmọ mi, dáhùn.

Aránṣọ Rẹ́mọ:
Ó dáa. Èmi kọ́ ni mo rà á. Ẹnì kan tó fẹ́ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló rà á. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sẹ́yìn bẹ́ńṣì kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá kọ 2027 sábẹ́ ẹ̀. Kí ọkọ̀ tó kó wọn dé, mo ti sọ nípàdé pé èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi la dáwó. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa kọ orúkọ sí i, mo fi Ọlọ́run búra. Òun náà ló san owó fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń jókòó, àbí wọn ò jókòó?

Bọ̀dá Lékan Ìperu:
"Àwọn ọ̀dọ́ wọ́ọ̀dù wa." Ó wá di ẹnì kan ṣoṣo. Mo ti mọ̀ látàárọ̀.

Akínkanjú Ọ̀gèrè:
Ẹ ò mọ nǹkan kan látàárọ̀, bọ̀dá. Ṣé orúkọ ló ń jókòó ni àbí ọmọ? Ẹni tó bá ní owó, ẹ jẹ́ kó ná an. Kó wọlé ná, ká tó máa sọ̀rọ̀ ọ̀dà.

Ìkẹ́nnẹ́ Lọmọ:
Ilé-ìwé ìjọba ni, Akínkanjú, kì í ṣe pátákó ìpolówó. Ọmọ ọdún méje á máa fi ẹ̀yìn ti orúkọ ẹni tó ń wá ìbò títí di 2027, ṣé ó dáa lójú yín?

Akínkanjú Ọ̀gèrè:
Ó dáa ju àpò sìmẹ́ǹtì lọ.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ẹ dákẹ́ ná. Àbúrò, Alága yẹn, ṣé ó gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sípàdé?

Aránṣọ Rẹ́mọ:
Rárá sà. Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ dé, òun nìkan ló bá a níbẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa ló ti ha mẹ́ta. Akọ̀wé bi í léèrè, ó ní ọ̀dà náà ò dáa, pé á máa lẹ̀ mọ́ aṣọ àwọn ọmọ. Àwọn tó kù ló fi bò mọ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tapólì.

Òun ló kọ́ mi ní praimárì karùn-ún. Òun náà ló fi orúkọ mi sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Mi ò sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ torí mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa wí.

Ìyá Ìbejì Ṣágámù:
Háà! Ọmọ yìí! Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà, má fi nǹkan kan sílẹ̀. Bàbá ọlọ́bàbá ń fi àfọ́kù ìgò bo àṣírí ẹ, o ń pè é ní wàhálà. Lọ kúnlẹ̀ fún un lálẹ́ yìí.

Bọ̀dá Lékan Ìperu:
Kó kọ́kọ́ dá fọ́ọ̀mù padà.

Akínkanjú Ọ̀gèrè:
Kó dá a padà kẹ́ ẹ lè fún ọmọ yín, àbí?

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Èmi ò sọ pé kó dá a padà, mi ò sì sọ pé kó má dá a padà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé irọ́ wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé yẹn báyìí: "aṣojú àwọn ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dáwó ra bẹ́ńṣì 20." Ìwọ lo fi síbẹ̀. Ìpàdé tó ń bọ̀, nawọ́ rẹ, tí wọ́n bá ní ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́, dìde dúró, kí o ní kí akọ̀wé kọ orúkọ ẹni tó rà á gan-an. Bẹ́ńṣì á dúró, àwọn ọmọ á jókòó. Ní ti fọ́ọ̀mù, lọ bi ọ̀gbẹ́ni yẹn pé kí ló fẹ́ kí o ṣe fún òun tó o bá wọlé. Fetí sí ìdáhùn ẹ̀ dáadáa.

Aránṣọ Rẹ́mọ:
Ó ti sọ ọ́ sà. Àárọ̀ yìí ló pè mí. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ń ha orúkọ òun, pé ta ni bàbá náà. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

Ìyẹn gan-an ni ò jẹ́ kí n jẹun.

Ìyá Ìbejì Ṣágámù:
Olúwa ò.

Aránṣọ Rẹ́mọ:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ìwé dé. Mo mú tọ́ọ̀ṣì lọ kà wọ́n. Bẹ́ńṣì méje ló kù tí wọn ò tíì ha. Mo ti ra sáńpépà méjì, màá débẹ̀ lọ́la kí bàbá tó dé. Fọ́ọ̀mù ṣì wà nínú báàgì mi, mi ò tíì mọ ohun tí màá fi ṣe.

Káfíńtà Òde Rẹ́mọ:
Sáńpépà méjì ò lè tó bẹ́ńṣì méje o. Ọ̀dà olóròóró ni wọ́n fi kọ ọ́, ó ti wọ inú pákó. Ẹ ra mẹ́fà, èyí tó rí gbàgàgbàgà, kẹ́ ẹ sì mú kẹrosíìnì díẹ̀ dání.