Kárọ́ọ̀tì gíráàmù 250 fún kéèkì, mélòó ni n ó rà lọ́jà?

Ìyàwó Alágbàká:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ béèrè nǹkan. Ọjọ́ ìbí ọkọ mi ń bọ̀, kéèkì kárọ́ọ̀tì ni mo fẹ́ ṣe fún un, ohun tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ ni gíráàmù 250 kárọ́ọ̀tì tí wọ́n ti rin. Mi ò ní sìkéèlì nílé, bẹ́ẹ̀ ní Ọjà Ọba tí mo ti ń rajà, òkìtì òkìtì ni wọ́n ń tà á, àwọn ńlá á wà níwájú, àwọn kéékèèké á wà lẹ́yìn, àbí kí wọ́n fi rọ́bà pẹ́ǹtì wọ̀n ọ́n. Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó tó? Àti pé èwo ló dáa jù, àwọn gbọ̀ngbọ̀ yẹn àbí àwọn tẹ́ẹ́rẹ́? Èyí tó bá ṣẹ́kù màá fi se fráìdì ráìsì. Ẹ ṣeun o.

Alásè Òde:
Ìyàwó wa, káre láé. Tó bá jẹ́ ti fráìdì ráìsì ni, ojú la fi ń wọ̀n ọ́n, kó lé díẹ̀ kó dín díẹ̀ kò ní ba ìrẹsì jẹ́. Kéèkì ló yàtọ̀, torí omi ló pọ̀ jù nínú kárọ́ọ̀tì, tóo bá ti rin ín pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ àárín kéèkì á rọ̀ pẹ̀tẹ̀, ìta á ti pọ́n tán inú ò ní tíì jinná, tó bá sì kéré kéèkì á gbẹ. Ìdí tí wọ́n fi kọ gíráàmù sí i nìyẹn.

Èyí tí kò tóbi jù tí kò kéré jù ni kóo ṣà, tó gùn láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka àárín, ẹyọ kan ẹ̀ á tó bíi gíráàmù 60 sí 70. Ra márùn-ún. Mẹ́rin lè dà bíi pé ó tó lójú, ṣùgbọ́n tóo bá gé orí àti ìdí ẹ̀, tóo ha ẹ̀yìn ẹ̀, ó máa dín. Kọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń wọn fúláwà yẹn, tóo bá rin kárọ́ọ̀tì sínú ẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bíi gíráàmù 110 ni, torí náà kọ́ọ̀pù 2 àti díẹ̀ ló máa jẹ́. Lẹ́yìn tóo bá rin ín tán ni kóo tó fi kọ́ọ̀pù wọ̀n ọ́n o, kárọ́ọ̀tì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ máa ń wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú kọ́ọ̀pù kan náà. Má sì fún omi ẹ̀ dànù.

Ọmọ FUTA:
Òótọ́ ni màmá sọ. Àǹtí, tẹ́ ò bá ní kọ́ọ̀pù yẹn náà, omi lásán lè bá yín wọ̀n ọ́n. Ìwúwo kárọ́ọ̀tì àti ti omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kárọ́ọ̀tì kàn fi díẹ̀ jù ú lọ ni, ìdí nìyẹn tó fi máa ń rì. Ẹ gbé abọ́ sínú tréè tó mọ́, ẹ bu omi sí abọ́ yẹn títí á fi kún dé ẹnu pátápátá, kẹ́ẹ wá máa rọra ki kárọ́ọ̀tì tẹ́ẹ ti ha bọ inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi tó bá dà sínú tréè, ẹ dà á sínú ike omi 50cl tó ṣófo, tó bá ti dé ìdajì, gíráàmù 250 nìyẹn. Kí ìdajì yẹn lè gún, kí ike yẹn tó ṣófo, ẹ kọ́kọ́ pín omi 50cl inú ẹ̀ sí ife méjì tó dọ́gba, ẹ da ti ife kan padà, ẹ fi bírò sàmì sí ibi tó dé.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́:
Ẹ̀fọ́ àti kárọ́ọ̀tì ni mo ń tà n'Ísìkàn, ẹ jẹ́ n sọ bẹ́ẹ ṣe máa ṣà á. Òkè Ọya lọ́hùn-ún ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá, Jos, Zaria, Kano, inú àpò ló ń wà nínú mọ́tò, ooru àti omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ ló sì máa ń bà á jẹ́ lójú ọ̀nà. Orí ẹ̀ ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ wò, ibi tí ewé ti jáde yẹn, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, tó bá rọ̀ tàbí tó ti dúdú ẹ gbé e sílẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Tí èjìká ẹ̀ bá láwọ̀ ewé, oòrùn ló rí i lóko kí wọ́n tó wú u, ibẹ̀ máa ń korò, ẹ gé e sọnù, ìyókù ò ṣe nǹkan kan. Tútù máa ń dá pọ́n-ún lọ́wọ́, èyí tó ti pẹ́ á kàn tẹ̀ bíi rọ́bà.

Ti àwọn gbọ̀ngbọ̀ yẹn, ẹ ní kí wọ́n dá ọ̀kan lójú yín kẹ́ẹ wo àárín ẹ̀, tí àárín bá fẹ̀ tí àwọ̀ ẹ̀ sì ti ṣá, ó ti gbó nìyẹn, á le lẹ́nu, adùn ẹ̀ á kéré. Tẹ́ẹ bá sì rí èyí tó pín ẹsẹ̀ méjì, òkúta ló sábà máa ń pàdé nínú ilẹ̀, ó ṣe é jẹ dáadáa, híha ẹ̀ ló máa ń ni èèyàn lára. Ẹ má gba òkìtì láìtú u wò, kẹ́ẹ sì gba èènì yín.

Ìyàwó Alágbàká:
Ẹ ṣé gan-an ni o ẹ̀yin màmá mi, bùrọ̀dá FUTA ẹ ṣé, mo máa gbìyànjú ti omi yẹn. Èyí tó bá ṣẹ́kù ńkọ́? Iná ò dúró lọ́dọ̀ wa.

Ará Oǹdó:
Tiwa náà bẹ́ẹ̀ ni l'Oǹdó níbí. Tí ewé bá ṣì wà lórí ẹ̀ ẹ gé e kíá, òun ló ń fa omi inú ẹ̀ lọ. Ẹ má fọ̀ ọ́ títí dìgbà tẹ́ẹ bá fẹ́ lò ó, tó bá tutù láti ọjà ẹ nù ún kó gbẹ, ẹ fi ìwé tó mọ́ wé e, ẹ kó o sínú ọ̀rá tẹ́ẹ ti lu ihò díẹ̀ sí, níbi tí oòrùn ò dé. Ẹ má kó o ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń pọ́n tàbí ápù o, atẹ́gùn tí àwọn èso yẹn ń tú jáde máa ń mú kárọ́ọ̀tì korò. Tó bá ti rọ̀ díẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún bíi wákàtí kan, á tún le padà, kẹ́ẹ wá gé e sínú fráìdì ráìsì yín.